Ṣé ká fún àwọn alumni ní ìbò nínú bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa, àbí ká má fún wọn?

Akọ̀wéKékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò kó tó di ìpàdé gbogbogbò. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá, a wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, a ò ṣe é torí èrè. Ọmọ ọdún 18 sí 28 ló lè wọlé, a máa ń kọ́ ara wa bí wọ́n ṣe ń darí próójẹ́ẹ̀tì, a máa ń rán fọ́lọ́ńtíà lọ sí orílẹ̀-èdè míì, ọdọọdún la sì ń yan aṣáájú tuntun. Ní báyìí àwọn alumni wa, ìyẹn àwọn tó ti ṣe ẹgbẹ́ yìí rí tí wọ́n ti jáde, kọ lẹ́tà wá pé àwọn ń fẹ́ àga mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án tó wà nínú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìbò o, kì í ṣe ìjókòó lásán. Wọ́n ní tí a bá gbà, àwọn á dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun.

Ìgbìmọ̀ wa ti pín sí méjì lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ká tètè gbà kí wọ́n tó yí ọkàn padà, àwọn kan ní tí àgbà bá ti wọlé kò ní jáde mọ́. Èmi ò tíì mọ ibi tí màá dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, ẹ sọ ìdí ẹ̀.

ojú_lalákàn
Kò dáa 😂

Ó dáa, ìdí ẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni. Ẹni ọdún 45 tó bá ń dìbò níbẹ̀, ta ló ń ṣojú fún? Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa tó wá sọ fún wa pé ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n, ẹ má fi òwe yẹn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ o. Nígbà tí ìbò bá délẹ̀, ọmọ ọdún 20 tó ń retí kí ẹ̀gbọ́n kọ lẹ́tà ìdámọ̀ràn iṣẹ́ fún òun, ṣé ó máa nawọ́ ta ko ẹ̀gbọ́n yẹn ni? Kò lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ní láti halẹ̀ mọ́ ọn, kó kàn jókòó síbẹ̀ ti tó.

MoTiṢeÉRí
Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ọpọlọ pípé. Mo wà lára àwọn tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀ kó má lọ dà bíi pé ipò là ń wá kiri.

Ọdún kan péré ni aṣáájú ń lò ní ẹgbẹ́ wa, ẹ ó sì gbà pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi ń wá ibi tí nǹkan wà, oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló fi ń múra àtilọ, kí ló wá kù láàárín? Bó bá ti lọ, pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì lọ pẹ̀lú ẹ̀, orúkọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ náà lọ. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ìdí tí a fi ṣe nǹkan á lọ. Ẹ wo òfin tó ní kí ẹnìkan láti ẹ̀ka tó ń gba fọ́lọ́ńtíà lálejò lọ fojú ara ẹ̀ rí ilé tí fọ́lọ́ńtíà máa gbé, kó tó wọ bàálù. Ẹ mọ ìdí tí a fi kọ ọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan balẹ̀ sí orílẹ̀-èdè onílẹ̀, kò sẹ́ni tó wá pàdé ẹ̀, àdírẹ́sì tí wọ́n fún un kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ òfin yẹn kúrò torí ó ń jẹ àkókò. Àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ló yẹ kó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ìyẹn la fi ní a ń fẹ́ àga.

ÌwéÀtijọ́
Ẹ̀gbọ́n MoTiṢeÉRí, mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ n bu ìtàn díẹ̀ sí i torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lágbàáyé.

Ẹ gbọ́ ti AFS tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín orílẹ̀-èdè? Awakọ̀ áńbúláǹsì ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà tó yọ̀ǹda ara wọn tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n tún jáde ní ogun kejì. Nígbà tí ogun kejì parí, àwọn awakọ̀ yẹn fúnra wọn, Stephen Galatti ló ṣáájú wọn, ló jókòó tí wọ́n ní kí àwọn sọ ọ́ di ètò tí ọmọ iléèwé á fi máa lọ gbé nílé ẹlòmíì lókè òkun, kí àwọn ènìyàn lè mọ ara wọn kí ogun má bàa tún bẹ́. 1947 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ dé. Àwọn tó ti ṣe é rí ló gbé e ṣe pátápátá nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, wọn ò gba àga mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o, torí kò sí awakọ̀ tuntun kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní tiwa, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ń wọlé lọ́dọọdún. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ìkejì, Henri Dunant. Kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Red Cross, YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ènìyàn jọ. Ọmọ ọdún 22 ni George Williams nígbà tó dá YMCA sílẹ̀ ní London ní 1844, Dunant ní tiẹ̀ wà lára àwọn tó so ẹ̀ka orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pọ̀ ní Paris ní 1855, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Red Cross bẹ̀rẹ̀ ní 1863, 1901 ó wà lára àwọn méjì àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà. Ohun tó kọ́ nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló gbé lọ síbòmíì. Tí wọ́n bá fún un ní àga bọ́ọ̀dù YMCA títí ayé ńkọ́? Mo kàn ń béèrè ni.

ojú_lalákàn
Ìtàn dùn gan-an, ẹ ṣé. Ó sì gbè mí lẹ́sẹ̀ 😌

OlùṣíròOwó
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ owó torí òun ni gbogbo yín ń yí ká. Mo ti di ìwé owó ẹ̀ka wa mú rí.

Lẹ́tà yẹn sọ pé "tí ẹ bá gbà, a ó dá àpò owó sílẹ̀". Ìyẹn ni mi ò fẹ́ràn níbẹ̀. Tí a bá so owó mọ́ àga, àga yẹn ti di ohun tí a tà, àní kí àwọn tó rà á jẹ́ ènìyàn iyì. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí a bá ta kò wọ́n lórí nǹkan kan ńkọ́, ṣé wọ́n á kó owó wọn lọ? Kò pọn dandan kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe akápò rí mọ̀ pé ibi tí ìdajì owó ẹgbẹ́ bá ti ń wá, ẹni tó wà níbẹ̀ ti ń darí ẹgbẹ́ yẹn, ó ní ìbò o, kò ní ìbò o.

Ohun tí mo fẹ́: kí àpò owó náà wà, kó ní àkáǹtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n yẹ ìwé ẹ̀ wò lọ́dọọdún pẹ̀lú ti ẹgbẹ́. Ó sàn kí ọgọ́rùn-ún alumni máa dá owó kékeré lóṣooṣù ju kí ẹnìkan gbé owó ńlá wá lẹ́ẹ̀kan. Kí a má sì fi ìlérí ṣe bójẹ́ẹ̀tì, owó tó bá ti wọlé la lè ná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìlérí gba gbọ̀ngàn ìpàdé.

ỌmọTuntun22
Ẹ forí jì mí o, ọdún yìí ni mo wọlé, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dá sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè pé kí là ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn alumni.

Ìgbà tí mo rí wọn, ètò Zoom ni, ẹ̀gbọ́n kan sọ bí òun ṣe dé ibi tí òun dé, ó dùn lóòótọ́, wọ́n ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, ó parí. Mi ò rò pé mo lè ṣe ohun tó ṣe torí ó fo gbogbo ibi tó le. Ohun tí mo nílò ni ẹni tó lè ka lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ilé iṣẹ́ tí a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó sọ fún mi pé ibí yìí kò dáa. Tàbí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjà, torí mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ìyẹn nìkan. Kò sí ohun tó kàn mí pẹ̀lú ẹni tó jókòó sí bọ́ọ̀dù.

MoTiṢeÉRí
Àbúrò, kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ nípa lẹ́tà yẹn, màá kà á. Bó o bá fẹ́, fi ti ọmọ ìgbìmọ̀ náà kún un 😀

Alábòójútó_Ààbò
Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, "kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀" yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Mi ò fura sí yín rárá. Àmọ́ tí a bá fẹ́ kí alumni máa tọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ́nà, ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ fóòmù, kí a bi ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n léèrè, kó fọwọ́ sí ìlànà ìwà kan náà tí ọmọ ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí, kí ẹnìkan ní ọ́fíìsì sì mọ ẹni tó ń bá ta ni sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 18 ti dàgbà lójú òfin, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò lè tètè sọ fún ọ pé ohun tó ò ń sọ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n máa mú ẹjọ́ lọ bá pẹ̀lú, kó má jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

AbẹÒjò
Mo ń ka gbogbo èyí, mo ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ta lẹ̀ ń pè ní alumni gan-an? Èmi náà ti ṣe ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbáyé kan rí, mo ṣe é tọkàntọkàn, mo fẹjọ́ kan sùn tí wọn ò gbọ́, mo bá tèmi lọ. Láti ìgbà yẹn, wọn ò pè mí sí nǹkan kan rí. Ẹni tó di ọ̀gá ní báǹkì, ẹni tó gba ẹ̀bùn, ẹni tí fọ́tò ẹ̀ ń dán, àwọn ni wọ́n ń pè ní alumni. Àwa tí inú ń bí, tàbí tí a ń ta ọjà tiwa jẹ́ẹ́, a ò sí nínú ìwé.

Tí ẹ bá wá gbé àga mẹ́ta fún "àwọn alumni", ta ló máa yan àwọn mẹ́ta yẹn? Tó bá jẹ́ àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ alumni ló ń dìbò, ẹ ti mọ irú ẹni tó máa jáde níbẹ̀. Ẹni tó lè sọ ibi tí ilé ń jò fún yín ti lọ tipẹ́, ẹ ò sì ní nọ́ńbà ẹ̀ mọ́.

MoTiṢeÉRí
AbẹÒjò, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lóòótọ́ àwọn tó san owó ọdún nìkan ló ń dìbò lọ́dọ̀ tiwa, wọn ò sì pọ̀ tó àwọn tó ti gba inú ẹgbẹ́ yìí kọjá. Màá gbé e lọ bá àwọn ìyókù.

@Alábòójútó_Ààbò, mo gbà. Kí ẹni tó ń rí sí ètò náà bá wa dá yàrá kan sílẹ̀ kí n ka lẹ́tà ọmọ náà níbẹ̀.

Adájọ́Ìdákẹ́jẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ bí àwọn ẹgbẹ́ míì ṣe ń ṣe é, ká má bàa rò pé àwa nìkan ni orí ń fọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "ta ni ọ̀dọ́" fúnra ẹ̀ ò dúró sójú kan. Tí àwọn UN bá ń ṣe ìṣirò, ọmọ ọdún 15 sí 24 ni wọ́n ń pè ní ọ̀dọ́. Ìpinnu 2250 tí Ìgbìmọ̀ Ààbò wọn ṣe ní December 2015 lórí ọ̀dọ́ àti àlàáfíà ní 18 sí 29. Ìwé àdéhùn ọ̀dọ́ ti Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006 ní 15 sí 35. Torí náà ẹni ọdún 33 tí ẹ̀ ń pè ní àgbà níbí, ọ̀dọ́ ni níbòmíì, ẹ fara balẹ̀.

JCI (Junior Chamber International), ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbáyé kan, ń gba ọmọ ọdún 18 sí 40, ọdún kan ni ààrẹ wọn ń lò, lókè àti nísàlẹ̀. AIESEC náà, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, láti àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun àgbáyé kejì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ ló ń darí ẹ̀ títí dé òkè pátápátá, wọ́n sì ń pààrọ̀ aṣáájú lọ́dọọdún, síbẹ̀ kò parun. Martti Ahtisaari tó ṣe ààrẹ Finland láti 1994 sí 2000, tó gba Nobel ti àlàáfíà ní 2008, ti ṣe AIESEC rí.

Rotaract, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ Rotary, ní tiwọn yàtọ̀. 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tí o bá ti pé ọgbọ̀n ọdún o ti jáde nìyẹn. Ní 2019 Rotary dìbò pé kí Rotaract di ọmọ ẹgbẹ́ gidi lágbàáyé, July 2020 wọ́n yọ òpin ọjọ́ orí yẹn kúrò, láti 2022 àwọn Rotaract sì ń san owó ọdún tiwọn. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan ní ẹni ọdún 38 ò ní jẹ́ kí ọmọ ọdún 19 sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò ní dá wọn lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ń jà lé lórí níbí náà ni.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni ti Scout. Ìgbìmọ̀ àgbáyé wọn ní àwọn ọ̀dọ́ olùdámọ̀ràn tí àwọn ọ̀dọ́ yàn, wọ́n ń jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọn ò ní ìbò. Àgbà ló ń dìbò níbẹ̀, ọmọdé ló ń gbani nímọ̀ràn. Kí ló dé tí àwa ò lè yí i sódì? Kí ọ̀dọ́ máa dìbò, kí alumni jẹ́ olùdámọ̀ràn, kí wọ́n rí gbogbo ìwé, kí a sì kọ èsì sí ìmọ̀ràn wọn sílẹ̀. Òfin tí ẹ̀gbọ́n ń sọ lókè yẹn, ohùn ló nílò, kò nílò ìbò.

ojú_lalákàn
Ẹni tó gbọ́n rèé. Mo yí ìdáhùn mi padà sí: kò dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé wá jókòó.

ÌlúÒkèèrè
Mo fẹ́ tako Adájọ́ díẹ̀. Olùdámọ̀ràn tí kò ní ìbò, ọdún kejì kì í wá mọ́. Ènìyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lọ́mọ nílé, kò ní máa jí ní òru torí ìpàdé tí wọn ò ní ka ohun tó bá sọ sí. Mo ti rí i, orúkọ wọn á wà lára ojú ewé, àwọn fúnra wọn ò sí níbẹ̀.

Èrò mi ni pé àga kan péré, tó ní ìbò, kí ẹ fún ẹni tí kò tíì pẹ́ tó jáde. Ẹni tó jáde lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ń rántí ẹgbẹ́ kan tí kò sí mọ́. Ẹni tó jáde láàárín ọdún mẹ́ta ṣì mọ ohun tó ń dun àwọn ọmọ.

Àwọn ìyókù, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ wọn wà níta. Ẹ wo Teach For America, ètò tó ń rán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ kọ́ni, tí Wendy Kopp dá sílẹ̀ ní 1989 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ọdún méjì ni olùkọ́ wọn ń fi kọ́ni. Méjì nínú àwọn tó ṣe é kọjá ló lọ bẹ̀rẹ̀ KIPP ní Houston ní 1994, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn iléèwé tó gbòòrò jù nírú ẹ̀ níbẹ̀. Teach For All tó so irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti 2007 ń sọ ọ́ gbangba pé ọdún méjì yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí o lọ di ọ̀gá iléèwé, kí o lọ sínú ìjọba, kí o máa bá iṣẹ́ náà lọ níbẹ̀. Alumni tó bá ṣì ń du àga bọ́ọ̀dù, mo máa ń bi í pé ṣé kò síṣẹ́ níta ni.

MoTiṢeÉRí
Ìyẹn le o, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ÌlúÒkèèrè, mi ò mọ èyí tí ẹ jẹ́ 😂 Ènìyàn lè níṣẹ́ níta kí ilé tó ti kọ́ iṣẹ́ ṣì máa jẹ ẹ́ lógún.

Akọ̀wéKékeré
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ tànmọ́lẹ̀ sí i fún mi. Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ rèé, mo kọ ọ́ ní kíákíá, ẹ bá mi tú u wò:

Bọ́ọ̀dù máa wà ní mẹ́sàn-án. Àga kan tó ní ìbò fún ẹni tó jáde láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo àwọn tó ti ṣe ẹgbẹ́ rí ló máa lè yàn án, wọ́n san owó o, wọn ò san o, a sì gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà wọn rí kí a tó dìbò (AbẹÒjò, ìwọ ni mo ń wò). Sáà kan, ọdún méjì, kò ní ìkejì. Olùdámọ̀ràn méjì láìní ìbò, wọ́n á rí ìwé ìpàdé, a ó sì máa fún ìmọ̀ràn wọn lésì lákọsílẹ̀. Àpò owó á wà bí OlùṣíròOwó ṣe sọ ọ́, a ò ní so ó mọ́ àga kankan. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sọ́nà á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ alábòójútó ààbò kọjá. Èyí tó kẹ́yìn, wọn ò ní pa òfin kankan rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ka ìdí tí a fi kọ ọ́ sétí gbogbo ìpàdé, ìyẹn ni pé a ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdí sí abẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la máa nílò àwọn alumni jù, torí àwọn nìkan ló mọ ìdí.

OlùṣíròOwó
Ó dára. Fi kún un pé ẹni tó wà ní àga yẹn, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà tó ṣì wà níbẹ̀.

ojú_lalákàn
Ọdún mẹ́ta yẹn, ìgbà wo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Ẹlòmíì á jáde ní ìgbìmọ̀, á ṣì máa san owó ọmọ ẹgbẹ́ lọ títí á fi pé 28, á wá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.

Akọ̀wéKékeré
Ọjọ́ tí ipò ìkẹyìn tó dì mú parí la ó ti máa kà á. Tí kò bá di ipò kankan mú rí, ọjọ́ tó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

ỌmọTuntun22
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí Zoom kó sọ ibi tó ti kùnà náà? 🙏

MoTiṢeÉRí
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin, àbúrò, èmi ni màá máa sọ fún wọn. Akọ̀wé, fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi bí o bá ti tò ó tán, PDF o, má fi fọ́tò ránṣẹ́. Méjì nínú àwọn tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn máa fajúro, màá bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé.